Àbàwọ́n Ìdí Bọ́ọ̀lù Crandall

Ohun tí ẹ ń fura sí náà ni: Dókítà Ládélé ló jí bọ́ọ̀lù opó náà. Mi ò ní fi yín ṣeré dé ìparí kí n tó sọ ọ́. Ọkùnrin tó bá wọ kóòtù tó nípọn lọ kí opó ní Alief, ní Houston, nínú ooru oṣù kẹjọ, tó gbé báàgì aláwọ kọ́ èjìká, tó ní ìtàn lòun wá gbọ́, ó ti jẹ̀bi nǹkan kan kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè. Ohun tó kù ká jọ wò ni bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ ẹ́, àti ohun tó dùn ún ju pé ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ.

Onítàn ni lóòótọ́ o. Ìtàn ìgbésí ayé èèyàn ló ń kọ: ti àwọn tó gbá bésíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù kékeré aláwọ funfun tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń fi igi gbá, àti ti àwọn olóṣèlú wọn. Ó ti kọ ti agbábọ́ọ̀lù kan tó mutí yó títí tó fi kú. Ó ti kọ ti gómìnà kan tí kò fẹnu kan ọtí rí, ìyẹn ló sì sú ènìyàn jù láti kà. Àwọn ìwé náà wúwo. Wọ́n dára púpọ̀ láti fi há ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà tì í, ohun tí ìyàwó rẹ̀ sì ń fi wọ́n ṣe nìyẹn kó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Atlanta.

Láti ìgbà náà, òun nìkan ló ń gbé inú ilé ńlá kan ní Cinco Ranch, níbi tí koríko gbogbo ilé ti ga bákan náà, tí gbogbo ilẹ̀kùn gáréèjì sì máa ń wà ní títì. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn ní àdúgbò yẹn, ajá ló ń fà á. Tó bá fi ọ̀rọ̀ gígùn ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀, àwòrán àtàǹpàkò ni wọ́n máa ń fi dá a lóhùn. Fóònù rẹ̀ kì í dún àfi tí ẹ̀rọ kan bá fẹ́ tà á ní ìnṣọ́ránsì ọkọ̀, ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí pé ó bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ títí ẹ̀rọ fi já a.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yìí ló ti rí Eli Crandall. Crandall gbá bọ́ọ̀lù nígbà ọ̀dọ́, gbogbo Houston mọ̀ ọ́n. Nígbà tó ṣíwọ́, ó di aṣòfin, orí àga náà ló sì wà tó fi kú. Agbábọ́ọ̀lù àti olóṣèlú nínú awọ kan ṣoṣo! Ládélé gbà pé nítorí òun ni Ọlọ́run ṣe dá ọkùnrin náà. Ó gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ yàrá ìdáná, ó sì máa ń kí i láàárọ̀.

Ọkùnrin olówó kan wà tó ń jẹ́ Christopher, tó ní yàrá kan nílé tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù nìkan ló ń gbé ibẹ̀, òun náà sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn onítàn bésíbọ́ọ̀lù. Lórí ògiri gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ náà ni wọ́n ń gbé àwòrán àwọn òǹkọ̀wé pàtàkì kọ́ sí. Láti ọdún pípẹ́ ni Ládélé ti mọ àlàfo tó máa gba àwòrán tirẹ̀.

"Láti ìgbà tí Crandall ti wọ òṣèlú, kò fọwọ́ sí bọ́ọ̀lù fún ẹnikẹ́ni mọ́," Christopher sọ fún un níjọ́ kan. "Bá mi wá ọ̀kan, mo máa fi ìṣó kan àwòrán ẹ mọ́ ògiri fúnra mi."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà. Ládélé kò rẹ́rìn-ín.

Ibi ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní Alief ló ti gbọ́ pé bọ́ọ̀lù kan wà. Lọ́wọ́ Màmá Tófúnmi ni. Ọkọ Màmá, tó ti di olóògbé, jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà; òun ló tọ́jú Crandall nílé ní gbogbo ìgbà àìsàn ìkẹyìn rẹ̀. Àwòrán bọ́ọ̀lù náà tiẹ̀ wà lórí WhatsApp ìjọ. Ládélé ra bọ́ọ̀lù àlòkù kan, ó rẹ ẹ́ sínú tíì kó lè pọ́n, ó wo àwòrán WhatsApp, ó sì kọ orúkọ Crandall sí i lára lẹ́yìn tó ti fi ìwé kọ ọ́ wò títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ìgbà tí èyí parí ló wọ kóòtù.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì Màmá.

"Dìde, jàre," ni Màmá wí. "Tí ẹ̀yìn bá dì ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ta ló máa gbé ẹ? Èmi àti ẹ nìkan la wà nílé."

Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé girama ni Màmá ní Iléṣà kí àwọn ọmọ tó mú un wá sí Houston láti bá wọn wo àwọn ọmọ wọn. Àwọn ọmọ náà ti ń wakọ̀ báyìí. Màmá ṣẹ́ kù sínú apartment tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ó mọ gbogbo ọkọ̀ àwọn aládùúgbò, kò mọ aládùúgbò kankan.

Bọ́ọ̀lù náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, nínú àpótí róbà kékeré tí ojú ń ríran wọnú rẹ̀, ó kọjú sí àwòrán olóògbé. Bí Màmá ti ń kọjá, ó fi ìka tọ ipa orúkọ tó wà lára rẹ̀ lórí róbà, bí ẹni ń kí ènìyàn. Ládélé rí i. Inú rẹ̀ dùn pé ìyá Iléṣà náà mọyì Crandall.

"Bọ́ọ̀lù yẹn," Màmá ní, "ọkọ mi ló..."

"Mo mọ̀, Màmá. Mo mọ gbogbo ẹ̀."

Ó wá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ẹni tí Crandall jẹ́ fún ìyàwó ẹni tó ń wẹ̀ fún Crandall. Ó ṣe é dáadáa. Màmá yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń gbọ́ ọ bí olùkọ́ ṣe ń gbọ́ ọmọ tó ti há gbogbo rẹ̀ sórí. Nígbà tí Ládélé dúró mí, Màmá tún gbìyànjú.

"Ní ti orúkọ tó wà lára ẹ̀ yẹn..."

"Àà, Màmá! Ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀! Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Màmá fi sílẹ̀ fún un. Ó bi í bóyá ó máa jẹun, ìbéèrè tí ẹnì kankan kì í dáhùn pé rárá nílé Yorùbá, ó sì wọ yàrá ìdáná lọ gbé omi ẹ̀bà kaná. Kí omi tó hó, bọ́ọ̀lù Crandall ti wà nínú báàgì, bọ́ọ̀lù tó rẹ sínú tíì ti wà nínú àpótí. Ládélé jẹ ẹ̀bà náà, ó jẹ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ó jẹ ẹran, ó tún fi ahọ́n wá eegun kan wò. Màmá bu ọbẹ̀ tó kù sínú ike ice cream fún un pé kó máa gbé lọ.

"Dá ike mi padà o!"

"Màmá, ike tí mo bá gbà lọ́wọ́ yín, ṣé mo lè má dá a padà?"

Báyìí ló ṣe gbé ẹrù olè àti ọbẹ̀ ẹni tó jà lólè gba ọ̀nà márosẹ̀ freeway kan náà lọ sílé.

Ilé ló ti yí bọ́ọ̀lù náà padà. Ní ìdí rẹ̀, ibi tó máa ń jókòó lé nínú àpótí tí ojú kò lè dé, àbàwọ́n kan wà: ó pọ́n ráúráú, ó gbòòrò díẹ̀, ó fẹ́ jọ ìlà méjì tó gba ara wọn kọjá. Èyí tó fi sínú àpótí Màmá kò ní in. Ẹ̀rù bà á fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ohun mìíràn tó burú ju ẹ̀rù lọ gbé e: ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí òun ṣe máa kọ ọ́.

Ó kọ ọ́. Ní àárín gbùngbùn ìwé tó ń kọ nípa Crandall, ó fi odindi orí kan ṣe é, ó pè é ní "Ọwọ́ Tí Kì Í Gbọ̀n." Ó ní àbàwọ́n náà jẹ́ gírísì ìbọ̀wọ́ Crandall, láti ọjọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn. Ó ní ẹ wo orúkọ tó fi síbẹ̀ nígbà àìsàn, ẹ wo bó ṣe dúró ṣinṣin. Ẹni tó ń kú lọ ló kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n, nítorí pé irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn. Nígbà tó kà á padà, omi dà lójú rẹ̀. Ó mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kà á dé ibẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti kí i kú iṣẹ́ rí lórí ìwé gómìnà, ó ní òun gbádùn bí ó ṣe sọ ìtàn ogun náà. Kò sí ogun kankan nínú ìwé náà. Láti ọjọ́ yẹn ni Ládélé ti mọ̀ pé kò sí ibi tí ènìyàn lè fi nǹkan pamọ́ sí tó dájú tó àárín ìwé òun.

Ìwé jáde. Christopher ní kó gbé bọ́ọ̀lù wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ ní Sátidé. Ládélé ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ lọ́wọ́, kò sì rí ẹni tó máa fún. Ó ronú lọ, ó ronú bọ̀. Níkẹyìn, ó kọ "Fún Màmá mi rere" sí iwájú ọ̀kan, ó sì lọ fi sẹ́nu ọ̀nà ní Alief.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ìpàdé ku ọjọ́ méjì, ni aago ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dún. Ó ti pẹ́ tó ti dún kẹ́yìn, kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń dún. Obìnrin kan ló wà níta, ó wọ aṣọ iṣẹ́, irun rẹ̀ gé mọ́lẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Tófúnmi ni. Ọmọ Màmá, ní Alief."

"Áà! Wọlé, wọlé! Kí ni kí n fún ẹ mu?"

"Rárá, sà. Ike Màmá ni mo wá gbà."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé iṣẹ́ Tófúnmi ni láti máa wádìí àwọn tó dáná sun ọkọ̀ ara wọn nítorí ìnṣọ́ránsì, àti pé ohun kékeré ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀.

"Màmá ní kí n kí yín fún ìwé," Tófúnmi ní. "Pàápàá ibi tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀ àbàwọ́n ìdí bọ́ọ̀lù."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ayọ̀ ló kọ́kọ́ dé, kí ẹ̀rù tó dé.

"Màmá kà á dé ibẹ̀?"

"Wọ́n kà á tán. Bọ́ọ̀lù wo lẹ rí, sà?"

"Ti... ti Màmá náà ni."

"Inú àpótí ni ti Màmá wà. Ìdí ẹ̀ ò hàn. Wọ́n ní ẹ ò fọwọ́ kàn án níṣojú àwọn."

"Màmá ti dàgbà, Tófúnmi. Àgbàlagbà máa ń gbàgbé."

"Wọ́n rántí ẹran tẹ́ ẹ jẹ, sà. Wọ́n ní ẹ yan èyí tó tóbi. A ti ṣí àpótí. Bọ́ọ̀lù tó wà níbẹ̀, ìdí ẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó sì ń rùn bíi tíì."

"Gírísì lè parẹ́. Gírísì àtijọ́..."

"Kì í ṣe gírísì." Ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Òróró ni. Nígbà tí àìsàn Crandall le, ó ní kí bàbá mi gbàdúrà fún òun. Wọn ò lè gbé aláìsàn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é: tí ẹni náà ò bá lè wá, nǹkan ẹ̀ á wá. Bọ́ọ̀lù yẹn ni bàbá mi gbé síwájú pẹpẹ. Wòlíì ló fi òróró sàmì àgbélébùú sí i. Èmi ni mo gbé àbẹ́là."

Ẹ̀yin tí ẹ bá rò pé olè tí wọ́n rí gbá mú ló ń dá Ládélé lóró, ẹ ò mọ òǹkọ̀wé. Odindi orí kan lórí gírísì!

"Nǹkan tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún Màmá nìyẹn," Tófúnmi ní. "Òun nìkan ló kù tí Màmá ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Láti ìjẹta, wọn ò jẹun. Níbo ló wà, sà?"

"Jẹ́ kí n gbé ike wá ná."

Ó wọ yàrá ìwé, ó gbé báàgì, ó gba yàrá ìfọṣọ bọ́ sí gáréèjì. Ìgbà tí Tófúnmi fi gbọ́ ariwo ilẹ̀kùn gáréèjì, ọkọ̀ ti fi ẹ̀yìn jáde. Ó sáré sínú tirẹ̀, ó sì pe Chloe, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ tó jóná.

Lórí freeway, Tófúnmi tẹ iná mọ́ ọkọ̀. Ó ń wá ẹni tó ń sá lọ. Ládélé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sá lọ. Ìlà ọ̀tún ló wà, ó rọra ń rìn bí pátákó ti wí, ó ń tan iná kó tó yà. Tófúnmi kọjá lára rẹ̀ fìrì, kò tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́. Ládélé rí i bó ti kọjá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì rántí pé olè lòun, ó wá dákẹ́.

Ó yà síhà ìlà oòrùn, ó ń lọ. Wọ́n pàdánù rẹ̀ pátápátá.

Tófúnmi pe Màmá láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. "Ó ti lọ mọ́ mi lọ́wọ́, Màmá. Ẹ má bínú."

"Ó ti yà sí La Porte," ni Màmá wí.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Òun náà ni. Ó wà nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé ẹ̀. Ó ní tí ayé bá sú òun, etí omi ní La Porte lòun máa ń lọ jókòó, lórí bẹ́ńṣì kan tó kọjú sí àwọn táńkì epo. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Ṣé ẹnì kankan ò ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú mọ́ ni?"

Bẹ́ńṣì náà wà níbẹ̀. Ládélé wà lórí rẹ̀ nínú kóòtù. Ní ọ̀kánkán, iná ń jó lórí òpó gíga ilé-iṣẹ́ kan, ọkọ̀ ojú omi ńlá kan ń kọjá tí kò sí ẹnì kan tó hàn nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ó gbé bọ́ọ̀lù dání. Tó bá sọ ọ́ sómi, ẹ̀rí kò sí mọ́. Kò níí sí àwòrán lára ògiri, ṣùgbọ́n kò níí sí ẹ̀wọ̀n náà. Kò tíì lè sọ ọ́. Ó ń wo orúkọ náà.

"Dókítà!"

Ó bojú wẹ̀yìn. Tófúnmi àti Chloe ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lórí kọnkéré.

"Ẹ gbé e sílẹ̀, sà," Tófúnmi ní.

"Ẹ dúró síbẹ̀! Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ mi, omi ló máa gbé e!"

"Màmá mi ò ní nǹkan mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó gbé apá sókè. Ọkùnrin yìí mọ orúkọ gbogbo irú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ju bọ́ọ̀lù náà. Ó ti kọ ojú ewé rẹpẹtẹ nípa bí èjìká ṣe ń yí àti bí ìka ṣe ń tú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, kò ju ọ̀kan rí. Bọ́ọ̀lù náà jáde lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbá irin etí omi gan-an, ó fò padà kọjá lórí rẹ̀, ó sì ń yí bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí kọnkéré títí tó fi kan bàtà Chloe.

Chloe fi ẹsẹ̀ dá a dúró. Ó ti gbá irú rẹ̀ nílé-ìwé. "Agbábọ́ọ̀lù tó kọ̀wé nípa ẹ̀, ṣé òun náà ju bọ́ọ̀lù báyìí?" ó bi Tófúnmi, ó sì yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Ládélé jẹ́wọ́. Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti jókòó gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀, ó sì lo àǹfààní náà.

"Ta ló ní kó o jí i?" Chloe bi í.

"Kò sẹ́ni. Christopher ṣàwàdà."

"Nígbà wo lo pàrọ̀ ẹ̀?"

"Nígbà tí omi ẹ̀bà ń hó. Kí n tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ipò tí Crandall wà nínú ìtàn..."

"Rárá. Kò yẹ."

Chloe ránṣẹ́ pe Christopher. Ó dé, kò wo Ládélé. Bọ́ọ̀lù ló wò, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ òwú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó ní òun kò mọ ọkùnrin yìí dáadáa, pé bí ó bá wu ìyá àgbà náà láti tà á, òun wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Tófúnmi mú Màmá wọlé. Chloe gbé bọ́ọ̀lù náà fún un. Màmá yí ìdí rẹ̀ sókè, ó rí àgbélébùú òróró, ó gbé e sí imú, ó wá gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó di ojú. Gbogbo èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Nígbà tó la ojú, Ládélé ló kọ́kọ́ wò.

"Ṣé o ti jẹun?"

Ó mi orí pé rárá. Wọ́n ti dè é lọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbá dọ̀bálẹ̀, bóyá ti òótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Màá bínú díẹ̀," ni Màmá wí. "Ó tọ́ sí mi."

Ó yẹ kó dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè bi léèrè.

"Màmá... ìwé náà ńkọ́? Báwo lẹ ṣe rí i?"

Tófúnmi ṣe ṣìọ̀. Màmá gbé ọwọ́ sókè sí i.

"Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sán máa ń gùn nílé. Ó gùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n o mọ̀wé kọ. Orí tó sọ̀rọ̀ ọwọ́ tí kì í gbọ̀n yẹn, mo sunkún níbẹ̀."

Ojú Ládélé tàn. Nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó jókòó gúnrẹ́gẹ́. "Ẹ sunkún?"

"Mo sunkún gan-an. Òun ni mo fẹ́ sọ fún ẹ lọ́jọ́ tó o wá, o ò jẹ́ kí n sọ."

"Kí ni, Màmá?"

Christopher náà sún mọ́ wọn. Màmá fi ìka tọ orúkọ náà, láìsí róbà láàárín lọ́tẹ̀ yìí.

"Ọwọ́ Crandall méjèèjì ti rọ kí wọ́n tó gba ọkọ mi síṣẹ́. Ìdìbò ń bọ̀, wọn ò jẹ́ kí ará ìta mọ̀. Kò lè di ṣíbí mú. Ọkọ mi ló bá a kọ orúkọ yẹn."